Iyọ̀ Inú Ọ̀sà, Gáàsì Ojú Ọ̀run

Nínú oṣù Fẹ́búárì àti Máàṣì, omi ọ̀sà Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, máa ń níyọ̀. Kò le tó ti òkun, àmọ́ ẹni tó bá bu omi náà sẹ́nu ní Djassin yóò mọ̀ pé òkun ti dé ibẹ̀. Tó bá di Sẹ́ńtẹ́ńbà sí Òkìtóbà, iyọ̀ náà á pòórá. Odò Wémè, tí àwọn Faransé ń kọ ní Ouémé, á gbé omi òjò apá àríwá wá, á bo ilẹ̀ Aguégués mọ́lẹ̀, á sì lé òkun padà síbi tó ti wá. Àwọn apẹja kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ èyí fún wọn. Edé àti akàn ni wọ́n ń rí nígbà iyọ̀. Àrọ̀ àtàwọn ẹja odò ló ń pọ̀ nígbà tí omi òjò bá gba ọ̀sà lọ́wọ́ òkun. Kódà ewé orí omi tí wọ́n ń pè ní jacinthe, tó máa ń bo ojú ọ̀sà títí ọkọ̀ kò fi ní rí ibi gbà, iyọ̀ ló ń pa á. Á rọ, á pọ́n, á jẹrà, ojú omi á sì là.

Ọ̀nà tí òkun ń gbà wọlé ni ẹnu omi tó la àárín Kútọ̀nù kọjá, èyí tí ọjà Dantokpa wà létí rẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ló là á. Ní 1885 ni àwọn Faransé gbẹ́ ẹ nítorí àkúnya omi tó ń yọ Kútọ̀nù lẹ́nu. Kó tó dìgbà náà, ọ̀nà tó dájú tí omi adágún Nokoué àti ti ọ̀sà Àjàṣẹ́ ń gbà dé òkun ni kí ó forí lé ìlà oòrùn, kí ó kọjá Àgbádárìgì, kí ó lọ yọ sí Èkó. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ ni òkun ti rí ọ̀nà ẹ̀bùrú: ó ń gba Kútọ̀nù wọ Nokoué, ó ń gba ojú omi Totchè kọjá, ó sì ń dé ẹsẹ̀ afárá Àjàṣẹ́.

Ta ló ń tì í wọlé? Àwọn àgbà etí omi ti mọ̀ tipẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀yìn òṣùpá. Bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tí òṣùpá bá yọ róbótó, òkun á kún ju bó ṣe ń kún lọ, á sì fà ju bó ṣe ń fà lọ. Ní etí òkun Kútọ̀nù, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń kún, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fà, láàárín wákàtí 24 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 50, iye àkókò tí òṣùpá fi ń padà sí ojú ibi tó wà lánàá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kíkún rẹ̀ àti fífà rẹ̀ kì í sábà tó mítà 2. Kó tó gba gbogbo ọ̀nà yẹn dé Àjàṣẹ́, agbára rẹ̀ ti rọ̀ débi pé ojú lè má rí i mọ́. Iyọ̀ ló kù tí a fi ń mọ ibi tó rìn dé.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ òṣùpá àti òkun tí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ máa ń sáré kọjá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni oríi rẹ̀ wà. Wọ́n á ní òṣùpá ń fa omi, omi sì gbéra. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lásán ni, ẹ̀ẹ̀kan péré ni òkun ì bá máa kún lójúmọ́, ìyẹn nígbà tí òṣùpá bá wà lókè orí wa. Kí ló wá ń gbé e nígbà kejì, nígbà tí òṣùpá ti wọ̀, tó ti wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa ní òdìkejì ayé? Ohun tó ń gbé òkun ni pé fífà náà kò dọ́gba. Apá ayé tó kọjú sí òṣùpá ló sún mọ́ ọn jù, ibẹ̀ ni òṣùpá ti ń fà gidi. Inú ayé lọ́hùn-ún jìnnà díẹ̀ sí i, ó ń fà á níwọ̀nba. Ẹ̀yìn ayé ló jìnnà jù, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kàn án, ó sì ń kù sẹ́yìn. Iwájú ń yára, ẹ̀yìn ń kù, ayé sì ń nà láàárín àwọn méjèèjì. Ilẹ̀ le, kò jẹ́ nà púpọ̀. Omi ló rọrùn láti nà. Á wú níwájú, á sì wú lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí òkun fi ń kún lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ wá wo oòrùn. Agbára tó fi ń fa ayé ju ti òṣùpá lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 180. Òun ló dè wá mọ́lẹ̀ tí a fi ń yí i po lọ́dọọdún. Síbẹ̀, ipa tó ní lórí kíkún òkun kò tó ìdajì ti òṣùpá. Ó jìnnà jù. Láti ọ̀nà jíjìn tó wà, iwájú ayé àti ẹ̀yìn ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà lójú rẹ̀. Òṣùpá kéré, àmọ́ ìtòsí ló wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́wọ́ kan ná, nítorí a máa padà nílò rẹ̀: bí a bá ń wá ẹni tó na nǹkan títí ó fi ya, alágbára jù kọ́ ni ká kọ́kọ́ wò. Aládùúgbò ni.

Ní ìhà gúúsù ojú ọ̀run, àwọsánmà méjì wà tí kì í fò lọ. Àwọn ará South Africa àti Ọsirélíà ń rí wọn lókè dáadáa lálẹ́ tí òṣùpá kò bá sí, funfun, bí èéfín tó dúró sójú kan. Ìràwọ̀ ni wọ́n, ẹgbàágbèje ìràwọ̀ tó jìnnà débi pé ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Agbo ìràwọ̀ méjì ni wọ́n, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní gálásì. Àwọn atukọ̀ Potogí tó ń wá ọ̀nà gba etí ilẹ̀ Áfíríkà lọ sí gúúsù ti ń rí wọn kí Magellan tó gbéra ìrìn-àjò rẹ̀ ní 1519, àmọ́ orúkọ Magellan ni Yúróòpù fi lé wọn lórí. Irú Potogí bẹ́ẹ̀ náà ló wá sọ ìlú tó ń jẹ́ Àjàṣẹ́ lẹ́nu Nàgó, tó ń jẹ́ Hogbonou lẹ́nu Gùn, ní Porto-Novo. Nínú ọ̀ràn méjèèjì, kò sẹ́ni tó bi onílé.

Àwọsánmà Magellan Ńlá jìnnà sí wa tó nǹkan bí ọdún-ìmọ́lẹ̀ 160,000. Kékeré jìnnà tó nǹkan bí 200,000. Ọdún-ìmọ́lẹ̀ kan ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ rìn dé lọ́dún kan, nǹkan bí tírílíọ̀nù kìlómítà 9.5. Agbo ìràwọ̀ tiwa, èyí tí oòrùn wa àti gbogbo ìràwọ̀ tí a ń fojú lásán rí lọ́kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, fẹ̀ tó nǹkan bí ọdún-ìmọ́lẹ̀ 100,000 láti etí dé etí. Nítorí náà àwọn méjèèjì kò jìnnà, bí a bá fi ìwọ̀n ojú ọ̀run wò ó. Ẹ̀bá ilé wa ni wọ́n wà. Agbo tiwa wúwo ju Ńlá lọ lọ́pọ̀lọpọ̀, Ńlá náà sì wúwo ju Kékeré lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ̀gbọ́n wà, àbúrò wà, àgbàlagbà kan sì wà nítòsí tó ju àwọn méjèèjì lọ.

Gáàsì kan wà tó tẹ̀ lé àwọn méjèèjì, tó gùn lọ rẹrẹẹrẹ lẹ́yìn wọn. Láti 1965 ni àwọn tó ń fi àwo rédíò wo ojú ọ̀run ti ń rí èérún rẹ̀ níbí àti lọ́hùn-ún, tí wọn kò mọ ohun tó so wọ́n pọ̀. Ní 1974, Mathewson, Cleary àti Murray ní Ọsirélíà fi hàn pé nǹkan kan náà ni gbogbo rẹ̀, àti pé ẹ̀yìn Àwọsánmà méjèèjì ló ti ń bọ̀. Ìṣàn Magellan ni wọ́n pè é. Ó ti di mímọ̀ ṣáájú, láti 1963, pé gáàsì mìíràn so Ńlá pọ̀ mọ́ Kékeré. Afárá Magellan ni tìyẹn. Nígbà tó di 2010, David Nidever àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwo ńlá Green Bank ní Amẹ́ríkà wá òpin Ìṣàn náà, wọ́n sì rí i pé ó gùn ju bí wọ́n ṣe rò lọ: pẹ̀lú ìyókù rẹ̀ tó wà níwájú, ó tó dígírí 200 lójú ọ̀run. Láti ibi tí ọ̀run ti pàdé ilẹ̀ ní ìhà kan dé ibi tó ti pàdé rẹ̀ ní ìhà kejì, dígírí 180 péré ni. Ojú ọ̀run tí ẹnì kan lè rí lẹ́ẹ̀kan náà kò gba gbogbo rẹ̀.

Ó wà lórí Àjàṣẹ́ náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Nóvẹ́ńbà, tó bá ti ń lọ sí agogo mẹ́sàn-án alẹ́, tí omi Wémè ṣì ń ṣàn gba Kútọ̀nù jáde, ìdí Ìṣàn yẹn wà ní ìhà gúúsù lọ́hùn-ún, orí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà gangan lókè orí ẹni tó bá dúró sí etí ọ̀sà. Kò sẹ́ni tó ń rí i. Gáàsì rẹ̀ kò ní iná nínú. Háídírójìn ló pọ̀ jù níbẹ̀, ohun tó fúyẹ́ jù nínú gbogbo ohun tó wà láyé, ó sì fọ́n ká débi pé ohun tí a ń pè ní òfìfo nílé ayé níbí nípọn jù ú lọ fíìfíì.

Báwo ni wọ́n ṣe wá mọ̀ ọ́n? Háídírójìn tó tutù máa ń sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ kéré. Ó ń rán ìgbì rédíò tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 21 jáde; tí a bá fi ìwọ̀n tí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò ń lò sọ ọ́, MHz 1,420 ni, ó ga ju FM ilé wa tó ń parí sí 108 lọ. Hendrik van de Hulst, ará Holland, ti sọ ní 1944 pé ó yẹ kí ohùn yẹn wà. Ní 1951 ni wọ́n gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Harvard. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní àwo antẹ́nà tó fẹ̀, tó sì wà níbi tí ariwo rédíò kò pọ̀, lè mọ ibi tí háídírójìn wà àti bó ṣe ń sáré tó. Àwọn àwo MeerKAT 64 ní aṣálẹ̀ Karoo ní South Africa wà lára àwọn tó gbọ́ ọ jù lónìí, Àwọsánmà méjèèjì sì wà lókè wọn dáadáa. Nítòsí tiwa, ní Kuntunse lẹ́yìn Accra, àwọn ará Gánà sọ àwo ńlá kan tí wọ́n ti fi ń ṣe iṣẹ́ tẹlifóònù àti sátẹ́láìtì tẹ́lẹ̀ di àwo ìràwọ̀. Mítà 32 ni fífẹ̀ rẹ̀, 2017 ni wọ́n ṣí i. Lójú tèmi, iṣẹ́ yẹn tọ́ sí àríyá ju bí a ṣe ṣe é lọ: àwo tí ó ti di aláìníṣẹ́ nítorí pé okùn abẹ́ òkun ti gba iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n yí ojú rẹ̀ sí ibòmíràn, iṣẹ́ tuntun sì bẹ̀rẹ̀.

A wá dé orí ẹni tó fa gáàsì yìí jáde.

Agbo ìràwọ̀ tiwa ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́ka sí. Ó tóbi, ó wà nítòsí, Àwọsánmà méjèèjì sì dà bí ọmọdé tó ń yí i po. Àwọn onímọ̀ rò pé wọ́n ti yí i po lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé nígbàkígbà tí wọ́n bá sún mọ́ ọn, ó ń nà wọ́n bí òṣùpá ṣe ń na òkun, títí gáàsì etí wọn fi já bọ́. Gáàsì ló máa ń kọ́kọ́ lọ, torí pé nínú agbo kékeré, ó máa ń fẹ̀ kọjá ibi tí ìràwọ̀ parí sí. Òun ni agbo náà kò dì mú dáadáa. Àmọ́ àwọn kan kọ̀ ọ́. Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé nínà ni, ó yẹ kí ìràwọ̀ díẹ̀ bá a lọ, bẹ́ẹ̀ wọ́n wá ìràwọ̀ nínú Ìṣàn náà títí, wọn kò rí. Wọ́n ní gáàsì gbígbóná tó yí agbo tiwa ká ló fẹ́ ẹ dànù, bí Àwọsánmà méjèèjì ṣe ń sáré gba inú rẹ̀ kọjá.

Ní 1998 ni nǹkan kan yọjú tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ nínà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mary Putman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi àwo Parkes ní Ọsirélíà wo gbogbo gúúsù ọ̀run, rí gáàsì tó wà *níwájú* Àwọsánmà méjèèjì, tó ń ṣáájú wọn lọ. Ohun tí atẹ́gùn bá fẹ́ dànù, ẹ̀yìn ló ń gbà. Ohun tí a bá nà, iwájú àti ẹ̀yìn ló ń yọ sí. Ẹ rántí òkun tó ń wú níhà méjèèjì ayé. Apá Iwájú ni wọ́n sọ ọ́, apá kan tó fọ́n ká, tí kò gùn tó ti ẹ̀yìn, àmọ́ ó wà níbẹ̀. Títí dòní, àwọn kan ṣì ń jiyàn bóyá gbogbo èérún rẹ̀ ló ti ọ̀dọ̀ Àwọsánmà wá. Èyí tó pọ̀ jù lára àwọn onímọ̀ sì gbà nígbà náà pé ẹjọ́ ti parí: agbo tiwa ló nà wọ́n.

Kò parí. Nitya Kallivayalil àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi awò Hubble wo Àwọsánmà méjèèjì, wọ́n tún padà wò wọ́n lẹ́yìn ọdún bíi méjì, wọ́n sì wọn bí wọ́n ṣe yẹ̀ kúrò lójú kan. Ìyẹ̀sí yẹn kéré ju ohun tí a lè rò lọ, àmọ́ Hubble rí i. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006 ni pé Ńlá ń sáré ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Gurtina Besla gbé ìṣirò náà yẹ̀ wò ní 2007, ó sì rí i pé pẹ̀lú irú eré bẹ́ẹ̀, ó ṣòro kí Àwọsánmà méjèèjì ti máa yí agbo tiwa po láti ayébáyé. Ó jọ pé àlejò ni wọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa dé àdúgbò wa nìyí.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, agbo tiwa kò sí níbẹ̀ nígbà tí gáàsì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ní 2010, Besla àti ẹgbẹ́ rẹ̀ dárúkọ ẹlòmíràn: Ńlá. Òun àti Kékeré ti jọ ń rìn fún bílíọ̀nù ọdún mélòó kan kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ń yí ara wọn po, wọ́n ń sún mọ́ra, wọ́n ń jìnnà síra. Nígbàkígbà tí Kékeré bá sún mọ́ ọn, Ńlá ń nà án. Ohun tí agbo wa ì bá ti ọ̀nà jíjìn ṣe tipátipá, Ńlá ṣe é ní ìrọ̀rùn nítorí ìtòsí. Ìṣirò òṣùpá àti oòrùn náà nìyẹn, kò yàtọ̀ ní nǹkan kan àfi pé ó tóbi. Wọ́n tilẹ̀ kọlu ara wọn ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 150 sẹ́yìn, ibẹ̀ ni Afárá tó so wọ́n pọ̀ ti jáde.

Ṣùgbọ́n ìṣirò orí kọ̀ǹpútà lásán kò tó láti dá ẹni kan láre. Ẹ̀rí tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti 2013, torí pé bí apẹja ṣe ń tọ́ omi wò láti mọ̀ bóyá òkun ló gbé e wá tàbí Wémè, bẹ́ẹ̀ ni Andrew Fox, Philipp Richter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe tọ́ gáàsì yẹn wò. Wọn kò lè bù ú. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n wá àwọn iná tó jìnnà réré lẹ́yìn Ìṣàn náà, àwọn agbo ìràwọ̀ tí àárín wọn ń tàn gidigidi, tí ìmọ́lẹ̀ wọn ní láti la gáàsì náà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Gáàsì á gba díẹ̀ lọ́wọ́ ìmọ́lẹ̀ tó bá là á kọjá, àwọ̀ tó bá sì gbà ló máa sọ ohun tó wà nínú rẹ̀: ọ́síjìn mélòó, súfúrì mélòó. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í ti ìbẹ̀rẹ̀ wà. Inú ìràwọ̀ ni wọ́n ti ń jáde, nígbà tí ìràwọ̀ bá jó tán, tó sì fọ́n ohun inú rẹ̀ ká. Agbo tó ti sun ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ ní púpọ̀, agbo kékeré ní díẹ̀. Àwọn ni iyọ̀ ojú ọ̀run.

Níbi tó pọ̀ jù nínú Ìṣàn náà, ohun tí wọ́n rí kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó wà nínú oòrùn wa lọ. Agbo tiwa kọ́, Ńlá kọ́. Kékeré ni. Àmọ́ okùn kan wà lára Ìṣàn náà tí tirẹ̀ tó ìdajì ti oòrùn, ìyẹn ti ọ̀dọ̀ Ńlá wá. Nítorí náà omi méjì ló pàdé níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pàdé ní ẹnu Totchè, èyí tó sì pọ̀ jù ti ọ̀dọ̀ àbúrò wá.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Lónìí, iyọ̀ inú Kékeré ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹni tó bá bu omi ọ̀sà sínú ìgò ní Òkìtóbà, tó dé e pa, tó wá ṣí i ní Fẹ́búárì, kò ní bá iyọ̀ nínú ìgò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sà fúnra rẹ̀ ti níyọ̀. Oṣù tí wọ́n bù ú ni omi inú ìgò ń sọ. Bẹ́ẹ̀ ni ti Ìṣàn. Gáàsì rẹ̀ ti jáde kúrò nínú Kékeré kí ìràwọ̀ ibẹ̀ tó fi iyọ̀ púpọ̀ sí i, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé ó máa tó bílíọ̀nù ọdún kan àbọ̀ sí méjì àbọ̀ sẹ́yìn. Nígbà yẹn, Àwọsánmà méjèèjì kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa.

Síbẹ̀, agbo tiwa kò mọ́ pátápátá. Gáàsì gbígbóná tó yí i ká ń jẹ Ìṣàn náà lára, ó ń mú un gbóná, ó ń já a sí wẹ́wẹ́. Ọ̀ràn ìwọ̀n náà tún da àwọn oníṣirò láàmú. Fox àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ jọ ní 2014, èyí tó tutù àtèyí tó ti gbóná tí rédíò kò lè gbọ́ mọ́, wọ́n sì ní bí ó bá jìnnà tó Àwọsánmà méjèèjì, ó máa wúwo tó oòrùn bílíọ̀nù 2. Kò sí bí Ńlá ṣe lè na Kékeré tí gbogbo ìyẹn fi máa jáde nínú rẹ̀. Ní 2020 ni Scott Lucchini, Elena D'Onghia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé Ńlá náà ní aṣọ gáàsì gbígbóná tirẹ̀ tó wọ̀, àti pé láti inú aṣọ yẹn ni èyí tó pọ̀ jù ti wá. Ní 2022, Dhanesh Krishnarao àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lo ìmọ́lẹ̀ iná jíjìn 28 tí Hubble ti wò láti fi hàn pé aṣọ náà wà lóòótọ́.

Ìràwọ̀ tí wọ́n ń wá ńkọ́? Wọ́n rí wọn ní 2023. Vedant Chandra àti ẹgbẹ́ rẹ̀ rí ìràwọ̀ 13 lójú ọ̀nà Ìṣàn náà, tí ìrìn wọn àti ìwọ̀n iyọ̀ inú wọn bá ti Àwọsánmà mu. Awò tí wọ́n fi rí wọn wà ní ilẹ̀ Chile, orúkọ rẹ̀ ni Magellan. Ìràwọ̀ mẹ́tàlá, lẹ́yìn àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń wá wọn! Àwọn yìí jìnnà gan-an, àwọn kan nínú wọn kọjá ọdún-ìmọ́lẹ̀ 300,000, bẹ́ẹ̀ ìṣirò Lucchini ní 2021 ti sọ pé apá kan lára gáàsì náà lè wà nítòsí ju Àwọsánmà méjèèjì lọ. Ìjiyàn yẹn ṣì ń lọ, ó sì ṣe pàtàkì, torí pé bí ó bá sún mọ́ wa, ìwọ̀n rẹ̀ á dínkù, á sì tètè dé.

Ṣé ó ń bọ̀ ni? Ó ń bọ̀. Àwọn Yorùbá ní omi tí èèyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ gáàsì yẹn bá jàjà wọ inú agbo tiwa láìgbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ohun tó máa dé lọ́dọọdún yóò ju ohun tí agbo wa ń fi ṣe ìràwọ̀ tuntun lọ́dún lọ. Díẹ̀ ti dé. Ní 2019, Adrian Price-Whelan àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lo ìwọ̀n sátẹ́láìtì Gaia, wọ́n rí ìdì ìràwọ̀ kékeré kan ní ẹ̀bá Apá Iwájú, níbi tí kò yẹ kí ìràwọ̀ ọ̀dọ́ wà rárá, ní ìta agbo tiwa. Ọjọ́ orí wọn kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 117 lọ. Iyọ̀ inú wọn kéré, irú ti Àwọsánmà. Gáàsì tó ti ọ̀nà jíjìn wá kọlu etí agbo tiwa, ó nípọn, ó sì di ìràwọ̀.

Fún ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí Àwọsánmà méjèèjì láti agbègbè Àjàṣẹ́: Ńlá kì í ga ju nǹkan bí dígírí 14 lọ sókè ibi tí ọ̀run ti pàdé òkun ní gúúsù. Ẹ na ọwọ́ yín síwájú, kí ẹ di ìkúùkù. Ìkúùkù kan àti ààbọ̀ ni gíga rẹ̀. Kékeré kò ju ìkúùkù kan lọ. Ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá alẹ́ ní ìparí oṣù Jánúárì ni Ńlá wà níbi gíga rẹ̀, ó kàn jẹ́ pé ìgbà ọyẹ́ nìyẹn, eruku Sàhárà sì máa ń bo gbogbo ìsàlẹ̀ ọ̀run. Òru oṣù Disẹ́ńbà dára jù, kí ọyẹ́ tó le, lẹ́yìn agogo méjìlá. Láti inú ìlú kò ṣeé rí, torí pé iná Kútọ̀nù àti ti Sèmè wà ní ìhà gúúsù. Ó máa gba pé kéèyàn lọ sétí òkun, níbi tí iná kò sí, kó jẹ́ kí òkùnkùn mọ́ ojú rẹ̀ lára fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kó sì má tan fóònù.